Ọjọ́ tí àdúrà ò wá sẹ́nu yín, kí lẹ ṣe?

Adúróṣinṣin
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, bí mo bá kúnlẹ̀, tí mo pe "Baba" tán, ó parí nìyẹn. Kì í ṣe pé mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mò ń fi pamọ́ (ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀), kì í sì í ṣe pé mi ò gbàgbọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ ni kò sí. Màá kàn jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí onílé ò bá sọ̀rọ̀. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣe yín rí? Ìrírí ni mò ń bèèrè o, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìwàásù.

Ọmọ Hánà
Ó ti ṣe mí rí. Ó ń ṣe mí lọ́wọ́.

Baba Jóṣúà
Àbúrò, gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ó máa túká.

Tèmi_Yémi
Wọ́n ní ìrírí làwọn ń bèèrè o, Baba Jóṣúà 😂

Baba Jóṣúà
Ìrírí mi nìyẹn! Mo gbààwẹ̀, ó túká. Kí lẹ tún fẹ́ kí n sọ?

Ìyá Àdùkẹ́
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó gùn díẹ̀. Ọdún tí màmá mi ṣàìsàn, kò sí irú àdúrà tí mi ò gbà. Ìsọ́ òru, àwẹ̀, àwọn ìlérí Ọlọ́run tí mo kọ sára ògiri yàrá. Jeremáyà 29:11, èyí tí Ọlọ́run ti ní èrò àlàáfíà lòun ń rò sí wa, kì í ṣe ti ibi, ló tóbi jù níbẹ̀, gègé pupa ni mo fi kọ ọ́. Àwọn ará wá, wọ́n gbọ́wọ́ lé màmá lórí, wọ́n ní àwọn ti rí i pé ó ti parí. Ó kúkú parí lóòótọ́, torí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni màmá mi lọ. Ikú yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló dùn mí jù. Arábìnrin kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìnkú, ó ní kí n yẹ ìgbàgbọ́ mi wò dáadáa, pé ká ní ó tó hóró músítádì ni, òkè yẹn ì bá ti ṣí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan, mo dúpẹ́! Láti ọjọ́ náà, oṣù mẹ́jọ gbáko ni mi ò fi gbàdúrà. Mò ń lọ sílé ìjọsìn o, mò ń bá àwọn tó ń ṣe àmín ṣe àmín. Àmọ́ èmi àti Ọlọ́run ò jọ sọ̀rọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo kàn ṣí Bíbélì, mi ò wá nǹkan kan, mo bọ́ sórí Sáàmù 88. Mò ń kà á, mò ń retí ibi tó ti máa yí padà, bíi Sáàmù 13 tó fi "yóò ti pẹ́ tó" bẹ̀rẹ̀ tó sì fi orin parí. Kò yí padà. Ẹsẹ 18 ló parí sí, ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni òkùnkùn. Mo tún ṣí ojú ewé wò bóyá ìwé tèmi ló já. Kò já. Mo wá ń bi ara mi pé ta ló fi èyí sínú Ìwé Mímọ́, tí gbogbo àwọn tó dà á kọ látọdúnmọ́dún ò sì yọ ọ́? Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó sọ̀rọ̀ padà. Ohun tí mo sọ ni pé, "Inú ń bí mi sí Ọ." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sì sùn.

Ọmọ Hánà
Mà, ẹ ti mú mi sunkún níbi iṣẹ́.

Àkànjí
"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀." Gbogbo wa la ti dúpẹ́ lọ́wọ́ arábìnrin yẹn rí.

Tèmi_Yémi
Hóró músítádì tí Jésù fi ṣàpẹẹrẹ torí pé ó kéré! Díẹ̀ ti tó ni Ó ń sọ. Arábìnrin yẹn wá sọ ọ́ di òṣùwọ̀n tí kò sẹ́ni tó lè kún un.

Baba Jóṣúà
Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú àmúmọ́ra, Ọlọ́run á dá ohun tí màmá fi sílẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mi, "inú ń bí mi sí Ọ", ṣé ẹ̀dá lè wí bẹ́ẹ̀ fún Ẹlẹ́dàá? Ìbẹ̀rù Olúwa ńkọ́?

Àkànjí
Ẹ̀gbọ́n, Jóòbù sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí 3 tó ti lanu, ọjọ́ tí wọ́n bí i ló ń gégùn-ún fún. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbèjà Ọlọ́run ni Ọlọ́run bínú sí nígbẹ̀yìn. Ó ní wọn ò sọ ohun tó tọ́ nípa Òun bíi ti Jóòbù.

Baba Jóṣúà
Jóòbù ronú pìwà dà nínú eruku àti eérú. Orí 42 ẹsẹ 6. Ẹ máa kà á délẹ̀.

Àkànjí
Mo kà á délẹ̀ sà. Ẹsẹ 7 ni mo ń sọ, òun ló tẹ̀lé e.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́
Ọjọ́ méje àkọ́kọ́ làwọn ọ̀rẹ́ yẹn ṣe dáadáa. Wọ́n jókòó tì í lórí ilẹ̀, tọ̀sán tòru, wọn ò fọhùn. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wàhálà dé.

Tèmi_Yémi
Kí ẹnì kan bá mi kọ èyí sára ògiri ilé ìjọsìn wa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn akọrin máa ń jókòó sí gan-an.

Ìyá Àdùkẹ́
Baba Jóṣúà, mi ò bínú. Mo bẹ̀rù Rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ tí mi ò sọ̀rọ̀ yẹn gan-an, ìbẹ̀rù ló dì mí lẹ́nu. Mo rò pé bí mo bá sọ ohun tó wà níkùn mi, Ó máa lé mi jáde.

Olùkọ́ Sámúẹ́lì
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n ya síbì kan. Jeremáyà 29:11 tí Ìyá Àdùkẹ́ kọ sára ògiri yẹn, lẹ́tà ni. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì ni Jeremáyà kọ ọ́ sí. Ẹsẹ 10 tó ṣáájú rẹ̀ ní ó di ìgbà tí 70 ọdún bá pé. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ka lẹ́tà náà sí létí, Bábílónì ni wọ́n máa kú sí. Ẹsẹ 5 ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀. Mo kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹsẹ 11 yẹn fún ọdún bíi mẹ́wàá kí n tó wẹ̀yìn wo ẹsẹ 10. Ojú tì mí.

Ìròyìn_Ayọ̀
Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ò ní fi ohun ìtùnú kan ṣoṣo sílẹ̀ fún wa.

Olùkọ́ Sámúẹ́lì
Rárá o, mi ò gbà á lọ́wọ́ yín. Ó tiẹ̀ wá tu mí nínú jù. Ká ní ẹnì kan ti sọ fún Ìyá Àdùkẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tí Ọlọ́run ṣèlérí náà fún pàápàá kú kó tó ṣẹ, kò ní máa wá àbùkù ìgbàgbọ́ kiri ara ẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́
Olùkọ́, mo gbọ́. Mo máa kà á lónìí, látorí ẹsẹ 1.

Ìròyìn_Ayọ̀
Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n mú yín rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìwé ẹ̀rí mi sọnù. Mo tú gbogbo yàrá, mo kúnlẹ̀, ẹkún ló kàn jáde, mi ò lè sọ nǹkan kan. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn kan kedere, "Wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì." Mo wò ó, ó wà níbẹ̀! Ṣé ẹ rí i, Róòmù 8:26, ìrora tí a kò lè fi ẹnu sọ, Ẹ̀mí Mímọ́ gbọ́.

Àkànjí
Ohùn ta ló jọ?

Ìròyìn_Ayọ̀
Ó jọ ti màmá mi díẹ̀.

Àkànjí
Níbo ni màmá wà nígbà náà?

Ìròyìn_Ayọ̀
Mi ò ní purọ́, wọ́n wà ní yàrá kejì. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kọ́!

Tèmi_Yémi
😂😂😂 Wọn ò ní gbà láé. Wọ́n fẹ́ kí ìgbàgbọ́ ẹ dàgbà.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́
Ká padà sọ́dọ̀ Adúróṣinṣin. Bí tèmi bá tán, mo máa ń ka àdúrà látinú ìwé, èyí táwọn tó ti lọ ṣáájú wa kọ sílẹ̀. Tàbí kí n ka Àdúrà Olúwa, kí n tún un kà, kí n tún un kà, títí ọkàn mi á fi padà wálé.

Baba Jóṣúà
Mátíù 6:7. Àtúnwí asán, bíi tàwọn kèfèrí.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́
Ẹ̀gbọ́n mi, Mátíù 6:9: "Báyìí ni kí ẹ máa gbàdúrà." Ẹsẹ kan péré ló wà láàárín wọn.

Baba Jóṣúà
Àpẹẹrẹ ni Jésù fún wa. Kò ní ká máa há a sórí bí ewì.

Tèmi_Yémi
Sáàmù 136 wá ńkọ́? "Nítorí tí àánú rẹ̀ dúró láéláé." Ẹsẹ 26, ó sì wà níbẹ̀ nígbà 26.

Baba Jóṣúà
Orin nìyẹn.

Tèmi_Yémi
Orin kì í ṣe àdúrà mọ́?

Àkànjí
Kí lẹ máa wá sọ nípa ọgbà Gẹtisémánì? Mátíù 26:44, Jésù lọ gbàdúrà nígbà kẹta, ọ̀rọ̀ kan náà ni Ó tún sọ.

Baba Jóṣúà
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti ka Bíbélì jù. "Asán" tó wà níbẹ̀ ni mò ń sọ! Àwọn wòlíì Báálì pe Báálì láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, kò sẹ́ni tó dáhùn. Bí ọkàn bá wà níbẹ̀, kí ó tún un sọ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́
Ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ nìyẹn o.

Baba Jóṣúà
Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀?

Ìyá_Ọlọ́mọmẹ́ta
Ẹ̀yin ń jiyàn lórí àdúrà gígùn. Látìgbà tí mo ti bí ìkẹta, "Olúwa, gbà mí" ni gbogbo àdúrà mi. Pétérù ń rì lọ, òun náà kò rí àyè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyìn àti ọpẹ́.

Olùkọ́ Sámúẹ́lì
Nehemáyà náà. Ọba bi í ní ìbéèrè, ó gbàdúrà, ó dá ọba lóhùn, ọba ò sì mọ̀ pé ó gba nǹkan kan láàárín.

Àkànjí
Ẹ sì wo orúkọ tí Ọmọ Hánà ń jẹ́ níbí. Níbi tí Hánà ti ń gbàdúrà, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde, àlùfáà tó yẹ kó dá a mọ̀ ní ó ti yó.

Ọmọ Hánà
Ìdí tí mo fi mú orúkọ náà gan-an nìyẹn. Ẹnì kan ti bi mí rí bóyá mo mu nǹkan.

Baba Jóṣúà
Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tí mi ò sọ rí. Èmi tí mo ní kí àbúrò yìí gbààwẹ̀, ọdún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, mo gbààwẹ̀ ọjọ́ 21 bíi ti Dáníẹ́lì, omi nìkan lẹ́nu mi láti àárọ̀ dalẹ́. Inú rírun ni mo bá jáde níbẹ̀. Iṣẹ́ ò dé. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè gbàdúrà mọ́. Ìyàwó mi ló ń gbà á fún wa nínú ilé fún bí ọdún kan, èmi á sì ṣe àmín, nítorí àwọn ọmọ ń wò mí.

Tèmi_Yémi
Sà. Ṣebí ẹ ní ẹ gbààwẹ̀, ó túká?

Baba Jóṣúà
Ó túká nígbà tó yá.

Olùkọ́ Sámúẹ́lì
Dáníẹ́lì ò tiẹ̀ fi omi nìkan gbé e, ẹ̀gbọ́n. Orí 10 ẹsẹ 3, oúnjẹ aládùn, ẹran àti wáìnì ló yẹra fún.

Baba Jóṣúà
Níbo lẹ wà nígbà náà, Olùkọ́?

Ìyá Àdùkẹ́
Baba Jóṣúà, ẹ ṣeun. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín.

Ìyá_Ọlọ́mọmẹ́ta
Adúróṣinṣin, ìbéèrè kan: ṣé o ń sùn?

Adúróṣinṣin
Mo ṣì wà níbí, mò ń kà gbogbo ẹ̀. Ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ Sáàmù 88 yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Oorun ṣá? Wákàtí mẹ́rin, nígbà míì mẹ́ta. Wọ́n gbé mi sí iṣẹ́ òru.

Ìyá_Ọlọ́mọmẹ́ta
Láti ìgbà wo?

Adúróṣinṣin
Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìyá_Ọlọ́mọmẹ́ta
Ẹ ò rí nǹkan! Lọ ka 1 Ọba 19. Èlíjà tí iná sọ̀ kalẹ̀ fún ní orí 18, ní orí 19 ó wà lábẹ́ igi nínú aginjù, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó pa òun. Áńgẹ́lì dé. Kò bá a wí, kò wàásù. Àkàrà àti omi ló gbé síwájú ẹ̀, ó ní kó dìde, kó jẹun. Èlíjà jẹ, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún padà wá jí i, oúnjẹ náà ló tún ní kó jẹ. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá a sọ dúró títí ó fi dé òkè Hórébù.

Àkànjí
Baba Jóṣúà, ẹ̀yin lẹ ní kí ẹni tí kò sùn gbààwẹ̀ o.

Baba Jóṣúà
Mo fà á sẹ́yìn. Kó kọ́kọ́ sùn.

Adúróṣinṣin
Ẹ káàárọ̀. Mo wà lẹ́nu ìsinmi iṣẹ́ lánàá, mo ní kí n ka Sáàmù 88 kí n tó sùn. Ẹsẹ 9 ni mo dé tí mo sùn lọ. Wákàtí mẹ́wàá.

Tèmi_Yémi
Áńgẹ́lì ò wá jí ẹ?

Adúróṣinṣin
Ọ̀gá mi ló pè.