Ẹ má tíì lọ aṣọ tí àbàwọ́n ṣì wà lára rẹ̀

*Alágbàfọ̀, Adó-Èkìtì*

Omi gbígbóná àti áyọ́ọ̀nù ló ń sọ àbàwọ́n di onílé lára aṣọ. Ẹ̀jẹ̀, ẹyin àti mílíìkì, omi tútù ni ẹ fi pàdé wọn. Bí omi gbígbóná bá kan ẹ̀jẹ̀, á dì mọ́ òwú bí ẹyin ṣe ń dì nínú ìkòkò, kò sì ní fẹ́ jáde mọ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ máa dà á nù, kí ẹ máa bu òmíràn, títí omi kò fi ní pọ́n mọ́. Ìgbà yẹn ni kí ọṣẹ tó dé.

Epo pupa ló ń dá àwọn èèyàn lágara jù. Ọbẹ̀ ta sára léèsì lóde ìnáwó, ẹnì kan á sáré fi àkísà tútù nù ún. Ó ti tàn án kiri nìyẹn. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí gbá èyí tó wà lójú kúrò, ẹ da pàúdà ọmọdé bò ó, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ ó rí i tí pàúdà funfun yẹn á máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú bó ṣe ń fa epo mu. Ẹ gbọ̀n ọ́n nù, kí ẹ kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ sí ojú ibẹ̀ nígbà tó ṣì gbẹ. Bí omi bá ṣáájú ọṣẹ, ọṣẹ ò ní ráyè dé ìdí epo. Ẹ rọra fi ìka ra á, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá fi omi tó gbóná débi tí aṣọ náà lè gbà ṣan án. Pupa tó bá ṣẹ́ kù lára aṣọ funfun, ẹ sá a sóòrùn. Oòrùn máa ń pa àwọ̀ epo pupa.

Ti ẹrẹ̀ pupa ilẹ̀ wa yìí yàtọ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án nígbà tó tutù, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n dànù kí aṣọ tó wọnú omi. Tí pupa bá ṣì kù, ẹ má gbé Hypo. Ìpẹtà irin ló pọ́n ilẹ̀ náà, Hypo á tún mú un le sí i ni. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fún sí i, ẹ wọ́n iyọ̀ lé e, ẹ sá a fún wákàtí kan sí méjì, kí ẹ ṣan án dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní inú ìṣẹ́tí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọsàn tàbí fínígà pàdé Hypo nínú abọ́ kan náà láéláé; èéfín tó ń jáde níbẹ̀ burú fún èémí ènìyàn.

*Aránṣọ, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì*

Òótọ́ ni ìyá wa alágbàfọ̀ sọ. Ẹ bá mi fi kún un pé Hypo kò gbọdọ̀ dé ìtòsí àdìrẹ ẹlẹ́lùú. Ó ń jẹ aró run, aró náà kì í sì í padà.

Ní ti ṣòkòtò tó já ní itan: ẹ gé aṣọ tó fi ìka méjì ju ihò náà lọ yíká, ẹ fi sítéè onígọ́ọ̀mù (aṣọ fẹ́lẹ́ tí gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ ń yọ́ bí áyọ́ọ̀nù bá kàn án) lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù, kí ẹ wá fi ẹ̀rọ rán an lọ, rán an bọ̀, ní ìlà tó sún mọ́ra. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni pé etí ihò nìkan ni wọ́n ń rán. Ẹ gbé aṣọ náà sókè sí ojú ọ̀run, ẹ ó rí i pé gbogbo àyíká ihò ti fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń yọ láàárín òwú. Òwú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀ dé ibi tí aṣọ ṣì nípọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tún já lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ rán.

Síípù tó ń ya lẹ́yìn tí ẹ fà á, ẹ má tíì tú u. Bí eyín rẹ̀ bá pé, orí tí à ń fà ló ti fẹ̀. Ẹ fi púláyà fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fà á wò. Ẹni tó bá fún un lẹ́ẹ̀kan náà, kíkán ló máa kán.

*Olùkọ́, Ìjerò-Èkìtì*

Yíǹkì bíróò lára yunifọ́ọ̀mù: ẹ tẹ́ àkísà mímọ́ sábẹ́ ibi tí yíǹkì wà, ẹ rẹ òwú sínú sípíríìtì, kí ẹ máa fi tẹ ojú yíǹkì náà láti etí wá sí àárín. Ẹ má fi ra á. Ẹ máa sún aṣọ ìsàlẹ̀ bó ṣe ń gba yíǹkì.

*Aránbàtà, Ìkọ̀lé-Èkìtì*

Bàtà tó ya ẹnu kì í ṣe iṣẹ́ súpà gúlúù. Ó ń le gbagidi, ẹsẹ̀ sì ń tẹ̀ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń fọ́. Gọ́ọ̀mù aránbàtà ni kí ẹ rà. Ẹ fi sáńpépà ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò títí ẹ ó fi rí awọ àti rọ́bà gan-an, ẹ fi gọ́ọ̀mù pa ojú méjèèjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí ẹ̀yìn ìka yín bá kàn án tí kò fà mọ́ ọn, ẹ lè pa wọ́n dé. Ẹ tò ó dáadáa kó tó kan ara wọn, torí kò ní ṣeé sún mọ́. Ẹ fi òòlù lù ú láti àárín sí etí, ẹ fi rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ dì í, kó di wákàtí 24 kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Bàtà awọ tí òjò pa, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má gbé e sídìí iná, awọ á sán. Ẹ ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ ìwé náà bó bá ti tutù, kí ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ó gbẹ tán ni pọ́líìṣì tó kàn.

Èyí tí wọ́n gbé pamọ́ sínú páálí fún ọdún mélòó kan, tí ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ ń rún bí búrẹ́dì gbígbẹ lọ́jọ́ tí wọ́n wọ̀ ọ́, gọ́ọ̀mù kò lè ràn án lọ́wọ́. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló jẹ rọ́bà náà láti inú. Bí awọ òkè bá ṣì dára, ẹ jẹ́ kí aránbàtà bọ́ ìtẹ̀lẹ̀ náà kúrò, kó fi tuntun rán an mọ́ ọn.