Lẹ́yìn ìwé Ìdòwú, kí ni kí n kà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé tí Bọ́lájí Ìdòwú, àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, kọ lórí Olódùmarè ní 1962 tán ni. Ó ní àwọn òrìṣà kì í ṣe ẹgbẹ́ Olódùmarè, ìránṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n. Ó wọ̀ mí lára. Àmọ́ nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá àgbà, babaláwo lápá Òkè Ìtasẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín: "Ojú Bíbélì ló fi wo Ifá!" Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo ló ta ko Ìdòwú tí ọmọ ìjọ lásán bíi tèmi lè kà kó yé e? Ti Yorùbá ni mo fẹ́ jù. Ẹ má dárúkọ èyí tí ẹ ò kà fúnra yín o.