Kí la lè fi rọ́pò ọtí ní ìrọ̀lẹ́?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú ọtí, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń le jù: ọwọ́ á dilẹ̀, ẹnu á máa wá nǹkan tó ta. (Bí ara bá ń gbọ̀n, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó kọ́kọ́ lọ o.)

Zobo la sábà máa ń dábàá: ife òdòdó ìṣápá pupa gbígbẹ 1, omi ife 8, kànáfùrù 4, atalẹ̀ púpọ̀ kó lè ta lọ́fun. Ẹ ṣan iyanrìn kúrò, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 15, ẹ sẹ́ ẹ. Èèpo ọ̀pẹ òyìnbó táwọn kan ń fi sí i ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí wọ́n bá rẹ ẹ́ sí i láìsè, ìwúkàrà ara rẹ̀ á jẹ ṣúgà, zobo á hó, á sì di ọtí. Níbi tí iná kì í dúró, báwo lẹ ṣe ń tọ́jú tiyín tí kì í fi í kan? Kí lẹ sì ń fi sí i kó lè korò díẹ̀ bíi bíà?

Ayò ọlọ́pọ́n náà dára gan-an, ojú 12, ọmọ 48, ó ń gba ọkàn. Ṣùgbọ́n ìdí ẹlẹ́mu ni ọpọ́n sábà máa ń wà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe lè ta á nílé, kí àwọn ọ̀rẹ́ má gbé ìgò wá, kí inú má sì bí wọn?