Iṣẹ́ Ọ́dítọ̀ ní Ìlú Bàbá Ẹni

Wọ́n ní kí àwa ọ́dítọ̀, àwa tí a ń yẹ ìwé owó kọ́ńpìnì wò, sọ ohun tó ń ni wá lára lẹ́nu iṣẹ́ wa. Àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ti sọ ti àìsùn tán, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Àwọn kọ́ńpìnì tó ń ta ìpín fún ará ìlú gbọ́dọ̀ gbé ìṣirò owó wọn jáde láàárín 90 ọjọ́ lẹ́yìn ìparí ọdún, orí àwa ọ́dítọ̀ ni gbogbo rẹ̀ sì ń já lé láti oṣù Kìíní dé oṣù Kẹta. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí tí wọ́n bá rán èèyàn lọ ṣàyẹ̀wò ní ìlú ara rẹ̀.

Ọmọ Ṣágámù ni mí, ilé iṣẹ́ ìṣirò owó ńlá kan l'Ékòó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ kúkú mọ bí ilé iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó ní agbègbè wa, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Bí ọ̀gá bá ti ń wá ẹni tí yóò lọ wo bí wọ́n ṣe ń ka ọjà ní 31 oṣù Kejìlá, èmi ni wọ́n ń kọ́kọ́ nawọ́ sí: "Ṣebí ilé yín nìyẹn?" Nígbà tí àwọn ará ilé ń múra ìsìn àìsùn ọdún tuntun, èmi ń wá akoto tó máa gba irun mi.

Kì í ṣe àwa là ń ka ọjà o. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ń kà, àwa ń wò wọ́n, a wá ń ṣa díẹ̀ tún kà. A ó mú nǹkan láti inú ìwé lọ síbi tí ọjà wà nílẹ̀, ká mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n kọ wà lóòótọ́. A ó tún mú láti ilẹ̀ wá sínú ìwé, ká mọ̀ bóyá wọ́n kọ ohun tó wà. A ó gba nọ́ńbà ìwé tí ẹrù tó wọlé kẹ́yìn fi wọlé, àti ti èyí tó jáde kẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ọjà ọdún yìí sínú ọdún tó ń bọ̀.

Wàhálà tèmi ni Bàbá tó ń tọ́jú stọ́ọ̀. Ó mọ bàbá mi dáadáa. Mo kúnlẹ̀ kí i pẹ̀lú akoto lórí, ó sú re fún mi, ó wá nawọ́ sí àpò tí wọ́n tò dé òkè: "Igba ni. Kọ ọ́ sílẹ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí wọ́n sún ti iwájú kí n rí àárín."

Ojú ẹ̀ yí padà. "Ṣé mo wá di òpùrọ́ lójú ẹ ni?"

"Rárá o, sà. Iṣẹ́ ló ní kí n wò ó."

Wọ́n sún un. Igba ni lóòótọ́. Àmọ́ mo rí dúrọ́ọ̀mù kan lẹ́yìn tapólì tí kò sí nínú ìwé. Bàbá ní wọ́n ti tà á, oníbàárà ni kò tíì wá gbé e. Ó yẹ kí wọ́n má kà á, torí kì í ṣe tiwọn mọ́. Mo tún ní kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n fi tà á hàn mí. Ó mú un wá, kò sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo ń lọ, ó gbé àpò gàrí Ìjẹ̀bú kan fún mi. Òfin ilé iṣẹ́ wa kò fàyè gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí a ń yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ẹ bá mi sọ ọ́ ní èdè tí àgbàlagbà Rẹ́mọ máa gbọ́! Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ ti dé etí màámi: wọ́n ní iṣẹ́ Èkó ti gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ mi.

Ohun tó wá gbà mí ni fọ́ọ̀mù tí a ń kọ lọ́dọọdún, níbi tí a ti ń sọ bóyá a ní ìpín tàbí ẹbí lọ́dọ̀ àwọn kọ́ńpìnì tí a ń yẹ ìwé wọn wò. Ní Rẹ́mọ kẹ̀, ta ni kì í ṣe ẹbí ẹni? Lọ́dún tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wọ ẹ̀ka ìṣirò owó ní ilé iṣẹ́ Bàbá onístọ́ọ̀ yẹn, mo kọ ọ́ síbẹ̀, wọ́n sì yọ mí kúrò lórí iṣẹ́ náà. Ilé ìkẹ́rù kan ní Àpápá ni wọ́n rán mi lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ bàbá mi. Mo ní kí wọ́n sún gbogbo rẹ̀, wọ́n sún un, a ṣe tán kí aago mẹ́rin tó lù.