Ọwọ́ ọ̀tún màmá mi ò lè di ṣíbí mú mọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Alhaja, Ìlọrin:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Rọpárọsẹ̀ kọlu màmá mi lóṣù márùn-ún sẹ́yìn, apá ọ̀tún ló mú. A dúpẹ́, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ ló ń pa mí lẹ́kún. Ìka wọn ò lè gé ọ̀kà mọ́, ìrẹsì là ń fún wọn. Kí ṣíbí tó dé ẹnu, ó ti yí lọ́wọ́ wọn, ọbẹ̀ ti dà sí wọn láyà. Abọ́ náà á máa sá kiri orí tábìlì. Mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ òsì jẹ ẹ́, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ tí àwọn fi ń ṣe ìmọ́tótó kọ́ làwọn máa fi kó oúnjẹ sẹ́nu. Bí mo bá ní kí n fún wọn jẹ, wọ́n á yíjú sógiri. Ilé ìgbẹ́ wa tún jẹ́ èyí tí wọ́n ń lóṣòó sí. Kí ni mo lè ṣe?

Físíò, Ọ̀fà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé wọ́n máa ń húkọ́ tí wọ́n bá ń mumi tàbí jẹun? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ sọ́sibítù kí wọ́n yẹ ọ̀nà ọ̀fun wọn wò. Bí kò bá sí ìyẹn, ẹ wé fóòmù mọ́ ibi tí wọ́n ti ń di ṣíbí mú títí yóò fi ki bí ọmọrogùn, kí ẹ fi téèpù dè é. Ìka tí kò lágbára ò lè di ohun tó tín-ín-rín mú. Tó bá ṣì ń bọ́, kí télọ̀ fi ìlásíìkì rán òrùka fífẹ̀ tó máa wọ àtẹ́lẹwọ́ wọn, kí ó ní àpò kékeré tí ẹ máa ki ṣíbí bọ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ abọ́, kò ní í sá mọ́. Ọ̀pá ńkọ́? Ọwọ́ òsì tó lágbára ni kí wọ́n fi mú un, kí orí rẹ̀ ga dé ọrùn ọwọ́ wọn.

Ìyá Ìbejì, Òmù-Àrán:
Ní ti ilé ìgbẹ́, àga tó ní ihò ni kí ẹ wá fún wọn, àmọ́ ẹ má gé ihò sí àga rọ́bà o! A ṣe é fún bàbá wa, ó là, wọ́n ṣubú. Wẹ́dà ló bá wa ṣe onírin tó ní ihò nídìí, apá méjèèjì, àti rọ́bà lẹ́sẹ̀. Orí ihò ṣáláńgá là ń gbé e lé. Ẹ wọn gígùn ẹsẹ̀ màmá láti ilẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún kí ẹ tó lọ. Tiwa ga jù lákọ̀ọ́kọ́, ẹsẹ̀ bàbá ò kanlẹ̀, a dá a padà kí wọ́n gé e.

Alfa:
Ẹni tí àìsàn dè lọ́wọ́ ọ̀tún, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ bó bá fi òsì jẹun. Àmọ́ ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ jẹ́ kí alfa tí wọ́n gbà gbọ́ wá sọ ọ́ fún wọn fúnra rẹ̀.

Ọmọ Alhaja, Ìlọrin:
Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Wọn kì í húkọ́. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ni mo gé, télọ̀ rán òrùka náà. Lálẹ́ àná wọ́n ní kí n jáde. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ ṣíbí lára abọ́. Nígbà tí mo wọlé, ìrẹsì bíi mélòó kan wà láyà wọn, abọ́ sì ti ṣófo. Àga ló kù. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, èló ni wẹ́dà gbà lọ́wọ́ yín?