Ìdáhùn sí "ẹ̀rọ-ayàwòrán": ta ló ń yà á?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọ̀rọ̀ èdè o.

Lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n wa ará Ìperu kọ ní ọjọ́ Àìkú ni mò ń fèsì sí. Fún ẹni tí kò bá rí i, wọ́n ní ó tó àkókò kí Yorùbá ní orúkọ tirẹ̀ fún CAD (Computer-Aided Design), ìyẹn iṣẹ́ tí a fi ń ya àwòrán ilé àti ti irin lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní "ẹ̀rọ-ayàwòrán" ni kí á máa pè é. Wọ́n tún ṣẹ̀dá mẹ́ta mọ́ ọn: "àgékù" fún section, "ìpele" fún layer, àti "ila" fún line, láìfi àmì kankan sí i lórí. Wọ́n wá fi pa á dé pé ẹni tí kò bá gbà, kí ó lọ bi àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun.

Èmi rèé. Iṣẹ́ náà ni mo fi ń jẹun. Ọdún 27 nìyí ní Ìjẹ̀bú-Òde, 8 àkọ́kọ́ lórí pákó pẹ̀lú T-square, rúlà tó rí bíi T, àti bíléèdì tí a fi ń ha yíǹkì tó bá ṣìnà, ìyókù lórí kọ̀ǹpútà. Mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ bíi 5 tàbí 6 lọ́dọọdún. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, "a-" yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ta ni aránṣọ? Ènìyàn ni. Kí ni ó jókòó tì? Ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa tọ́ka sí Singer kí ó ní "ẹ̀rọ aránṣọ nìyí". Ẹ̀rọ ìlọta ni ti ìyá tó ń lọ ata lẹ́nu ọjà. Àwọn tó sọ èdè yìí kalẹ̀ fún wa kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un: níbi tí ọwọ́ ènìyàn bá ti wà nídìí ẹ̀rọ, "ì-" ni wọ́n sábà ń fún ẹ̀rọ, wọ́n á sì fi "a-" pamọ́ fún ẹni tó ni iṣẹ́. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń dá a ṣe ni wọ́n sábà ń fi "a-" jíǹkí rẹ̀. Amúlétutù: o tan án, o sùn, ilé tutù. Asọ̀rọ̀mágbèsì: o dá a lóhùn o, o kò dá a lóhùn o, kò kàn án.

Ẹ wá tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣí AutoCAD, ọ̀kan nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe CAD, kí ẹ káwọ́ gbera. Ojú rẹ̀ á dúdú, àmì kan á dúró síbẹ̀ bí àgbélébùú, ilẹ̀ á sì ṣú bá yín níbẹ̀. Kò ní ya nǹkan kan. Ọmọ ni yóò tẹ L, ìyẹn line, tí yóò sọ ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀, ká ní 0,0. Ọmọ ni yóò tẹ @3600,0, lẹ́yìn náà @0,3000, lẹ́yìn náà @-3600,0, kí ó tó fi C pa á dé. Yàrá ẹsẹ̀ 12 sí ẹsẹ̀ 10 nìyẹn, ní mìlímítà. Iye àkọ́kọ́ ni ìrìn sápá ọ̀tún, èkejì ni ti òkè. Àmì @ yẹn ń sọ fún un pé "láti ibi tí o dúró sí yìí lọ", kì í ṣe láti 0,0. Tí ọmọ bá ṣèèṣì tẹ 36000 dípò 3600, ẹ̀rọ á ya yàrá mítà 36 fún un, kò sì ní rẹ́rìn-ín. Káfíńtà tí kò kàwé rárá á ti rẹ́rìn-ín. Ohun tí kò lè rẹ́rìn-ín sí yàrá tó gùn tó ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé òun ni ayàwòrán?

Àwọn tó ni iṣẹ́ náà pàápàá kò pè é bẹ́ẹ̀. "Aided", ìyẹn "tí a ràn lọ́wọ́", ló wà láàárín orúkọ tí wọ́n fún un, àfi bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n fò ó kọjá. Nígbà tí Ivan Sutherland gbé Sketchpad, ètò ìyàwòrán lórí kọ̀ǹpútà, jáde ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ní 1963, gègé oníná ló mú lọ́wọ́ tí ó ń fi kan ojú ẹ̀rọ. Ènìyàn ló mú gègé. Nígbà tí AutoCAD fi jáde ní ìparí 1982, ènìyàn náà ló ṣì ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀sùn kejì kúrú. Ayàwòrán ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń ya fótò níbi ìgbéyàwó là ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn kan sì ń pe kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ní ẹ̀rọ ayàwòrán. Tí mo bá kọ ọ́ sára ṣọ́ọ̀bù mi, fótò pásípọ́ọ̀tù ni wọn yóò wá yà.

Ohun tí èmi rò ni "fi". Fi ẹ̀rọ ya àwòrán. Ìfẹ̀rọyàwòrán. "Fi" ni ó ń fi ènìyàn sí ipò rẹ̀, nítorí ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó ń fi nǹkan ṣe nǹkan. Ẹni tó bá ní ó ti gùn jù, kí ó kọ́kọ́ lọ gba ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lẹ́nu àwọn oníròyìn. Wọ́n ń pè é lójoojúmọ́, ahọ́n kankan kò tíì já. Àwòrán tiwa náà yàtọ̀ sí àwòrán ère tàbí ti òdòdó, nítorí ìwọ̀n ló mú un. Àwòrán oníwọ̀n ni mò ń pè é fún àwọn ọmọ. Ọjọ́ kìíní ni mo ti ń kìlọ̀ fún wọn: iye tí ó jẹ́ gan-an nílẹ̀ ni kí ẹ yà sórí ẹ̀rọ, mìlímítà fún mìlímítà. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ni kí ẹ tó sọ pé 1:100, kí ògiri tó jẹ́ 3600 wá di mìlímítà 36. Àwa tí a ti orí pákó wá ló máa ń ṣòro fún jù, nítorí pípín iye kí a tó yà á ti mọ́ wa lára.

Ó kan "ila". Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ kọ́ èdè ní yunifásítì! Ilá ni à ń sè ni, àbí ilà ni olóólà ń kọ, àbí ìlà ni à ń fà? Ilá ń fà, ìlà ni a ń fà; ẹni tí kò fi àmì sí i, ọbẹ̀ ló ń kọ́ ọmọ ní sísè. Kó tún wá lọ jẹ́ pé ohun tí à ń ṣe sí ìlà tó bá yọ kọjá ibi tó yẹ, ìyẹn trim, "rẹ́" ni àwọn ọmọ mi ń pè é. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rẹ́ ẹ." Rẹ́ ilá, rẹ́ ìlà. Aládùúgbò tó ń gbọ́ wa láti ìta á rò pé a ti fẹ́ jẹun.

Mo gbà pé àmì kò yanjú gbogbo rẹ̀ o. Tí ẹ bá fẹ́ fa ìlà sí igun kan, ìlà oòrùn ni ẹ̀rọ ti ń ka 0. Yóò yí lọ sápá òsì, òkè á jẹ́ 90, ìwọ̀ oòrùn á jẹ́ 180. Bí mo bá ti ní "ìlà tí ó kọjú sí ìlà oòrùn", ọmọ kan á gbé ojú sókè wò mí. Àmì kan náà, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ti oòrùn, "là" tó jẹ́ yíyọ ni.

"Àgékù" ni èyí tó bí mi nínú jù. Ẹ tún un sọ síta kí ẹ gbọ́ ọ. Àgékù ni pákó tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a ti gé èyí tí a fẹ́, tí ìyàwó káfíńtà ń kó lọ dá iná. Section kì í ṣe ìyókù. Bí ẹni la ilé sí méjì láti òrùlé dé ìpìlẹ̀ ni, kí á lè wo inú rẹ̀. Bàbá mi, káfíńtà ni wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà tí igi ṣì pọ̀ níbẹ̀, wọn kò mọ section, ṣùgbọ́n tí oníbàárà kò bá lóye bí dúrọ́ọ̀ yóò ṣe wọ inú àpótí, wọ́n á bu ṣọ́ọ̀kì, wọ́n á ní "jẹ́ kí n là á fún ẹ kí o wò ó." Là, wò. Ìlàwò. "Là" tí a fi ń la igi ni, òun náà ló wà nínú ìlànà, tí í ṣe la ọ̀nà.

Iṣẹ́ tí mo fi ń kọ́ wọn ní ìlàwò ni Erédò Súngbọ́, odi àti kòtò àwọn baba wa. Mo máa ń kó wọn lọ sí apá Òkè-Ẹ̀rì. Odi àti kòtò yẹn yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká tó nǹkan bíi kìlómítà 160, ibòmíràn sì wà tí ó ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí òkìtì. Ẹni tó dúró lókè kò rí nǹkan kan ju igbó lọ. Tí o bá yà á bí ẹyẹ ṣe ń rí i, ìlà méjì tó ń rìn pọ̀ lásán ni. Àfi kí o là á. Bí ọmọ bá ti la Erédò lórí ẹ̀rọ, tí ó rí i bí erùpẹ̀ inú kòtò ṣe di òkìtì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tán, kò tún ní bi mí pé kí ni ìlàwò. Ẹnì kan nínú yín kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn baba wa kò mọ ìwọ̀n. Kí ó lọ dúró sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀ kó tún un sọ.

Ìpele, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n lórí ìyẹn. Ìró, bùbá, gèlè, ìpele: aṣọ tó dúró lórí aṣọ. Èmi tiẹ̀ ń fi Ojúde Ọba ṣàlàyé rẹ̀ ni. Regbéregbé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó jẹ́ ojúgbà, ló ní aṣọ tirẹ̀, gbogbo wọn sì wà lórí pápá kan náà. Ògiri wọ funfun, ilẹ̀kùn wọ yẹ́lò, iná wọ pupa, iye ìwọ̀n wọ àwọ̀ ewé. Bí mo bá fẹ́ fún bíríkìlà ní tirẹ̀, mo lè ní kí regbéregbé oníná kúrò lójú ná. Wọn kò kú, wọ́n kàn bọ́ sẹ́yìn ni. Ọmọ tó bá kó gbogbo rẹ̀ sórí ìpele kan ṣoṣo yóò jẹ̀ka àbámọ̀ ní ọjọ́ tí onílé bá ní kí ó yí gbogbo ilẹ̀kùn padà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní kí a jáwọ́, kí a kàn kọ CAD ní ohùn Yorùbá kó tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìyá kan ti Àtàn wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, kò jókòó, kò gba omi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ní kí n san owó káàdì, ó ní ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ́ òun ní káàdì." Obìnrin náà rò pé tẹ́tẹ́ ni mò ń kọ́ ọmọ rẹ̀! Mo ní kì í ṣe káàdì, kádì ni. Ó wò mí bí ẹni wo olè. Nígbà tí ọmọ ṣí ẹ̀rọ tó fi yàrá tó yà hàn án, ó ní, "Ilé ta nìyí?" Ọmọ ní ti ìyá ni. Ìgbà yẹn ló tó jókòó. Ó bèèrè pé níbo ni ilé ìdáná wà, ọmọ kò tíì yà á, wọ́n sì fi ìyẹn jà.

Sí àbúrò wa ará Ṣàgámù tó ní tí a bá máa ṣe é dáadáa, ẹnu wa ni kí a fi ṣe é, kí á máa kọ "ulé" àti "uṣẹ́" dípò "ilé" àti "iṣẹ́" nínú ìwé ẹ̀kọ́: nílé mi "ulé" ni mò ń pè é, kò sì sí ẹni tó máa gbà á lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ìwé tí ará Ọ̀yọ́ àti ará Èkìtì náà yóò kà ńkọ́? Mo ṣì ń rò ó. Ẹ má tíì kà mí mọ́ àwọn tó takò yín.

Ọ̀kan ṣoṣo ni mo wá tọrọ, ẹ̀gbọ́n Ìperu náà sì lè gbà á ṣe. Offset. O ti ya ìlà kan fún ojú ògiri. O tẹ O, o ní 225 nítorí búlọ́ọ̀kù náìnì íńṣì ni, o yan ìlà náà, o tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ tí o fẹ́, ìlà kejì á sì jáde níbẹ̀, tí kò súnmọ́ àkọ́kọ́ jù níbì kankan, tí kò sì jìnnà sí i jù. Tí àkọ́kọ́ bá tẹ̀, òun náà á tẹ̀. "Ìbejì" ni mo kọ́kọ́ pè é, ọmọ kan ní ìbejì kì í jìnnà síra. "Ìfẹ̀gbẹ́" dàbí ẹni tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bàbá mi ì bá mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n kò bi wọ́n nígbà tí wọ́n wà. Àwọn ọmọ tuntun ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé, ẹ bá mi wá a kí wọ́n tó dé.