Tẹ́tẹ́ kọ́ ni Wọ́ọ̀tì: èsì sí àbá ọ̀rọ̀ eré káàdì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀ffà fi ránṣẹ́ lánàá, pé ká kọ òfin Wọ́ọ̀tì (eré káàdì Whot) ní Yorùbá kí àwọn ọmọ lè máa ta á nílé láìfi Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, mo sì dúpẹ́. Wọ́n ní ká pe eré náà ní "tẹ́tẹ́ páálí", ká pe káàdì 14 ní "ọjà gbogbogbòò", 8 ní "ìdádúró", ká fi "àgbélébùú" pe àmì tó ní apá mẹ́rin, kí ẹni tó bá jù 20 sílẹ̀ sì wí pé "mo nílò".

Orúkọ eré yẹn ló dùn mí jù. Ní Ìlọrin níbí, ẹ ò lè gbé ohun tó ń jẹ́ tẹ́tẹ́ wọlé kí bàbá ilé má gbé e jù síta. Nígbà tí àwọn áfáà bá ń túmọ̀ Súrátù Máídà, ẹsẹ̀ 90, tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń pe ohun tí Ọlọ́hun kà mọ́ ọtí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni etí wa sì ṣe gbọ́ ọ láti kékeré. Owó tí a fi lélẹ̀ kí ẹnì kan lè jẹ ẹ́ gbé ló ń sọ eré di tẹ́tẹ́. Wọ́ọ̀tì tí à ń ta lọ́jọ́ kejì Iléyá, tí ìyá àgbà jókòó sórí ẹní pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ wọn, kọ́bọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Bí a bá fi tẹ́tẹ́ sọ ọ́ lórúkọ, àwọn ìyá tí a fẹ́ kí wọ́n máa fi Yorùbá bá ọmọ ṣeré gan-an ni yóò kọ́kọ́ kó káàdì náà pamọ́.

Ẹnì kan lè ní "ta" pàápàá, inú tẹ́tẹ́ ló ti wá. Rárá o. À ń ta ayò, à ń ta òkòtó, kò sì sẹ́ni tó bínú sí i. "Eré káàdì" tó mi. Wọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ Wọ́ọ̀tì. William Henry Storey tó ṣe é jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1935 ti sọ ọ́ lórúkọ, ẹnu wa sì ti mọ́ ọn.

Ẹ wo 14. Bí ẹnì kan bá jù ú sílẹ̀, gbogbo àwọn tó kù ni yóò mú káàdì kọ̀ọ̀kan nínú àkójọ tó wà nílẹ̀, èyí tí à ń pè ní ọjà. "Ọjà gbogbogbòò" ń dún bí orúkọ ibì kan, kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ eré gbọ́dọ̀ ṣeé pariwo, kí ẹni tó gbọ́ ọ sì mọ ohun tó kàn án láti ṣe. Àwọn kan yóò ní ká máa sọ pé "Ẹ lọ sọ́jà". Mo rò ó títí, mi ò gbà á, torí "ẹ" tiwa ń ṣiṣẹ́ méjì. Bí ọmọ kékeré bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ tó sì ké pé "Ẹ lọ sọ́jà", ta ló ń bá wí? Bàbá nìkan ni àbí gbogbo wa? Ẹni tí kò ní káàdì tó bá ti ilẹ̀ mu náà ṣáà la máa ń rán lọ sọ́jà, òun nìkan. Àbá tèmi ni "Ẹ kó sọ́jà!" Ẹnì kan ṣoṣo kì í kó sọ́jà. "Kó" ti sọ pé a pọ̀, ọmọ kò sì yájú sí bàbá.

"Ìdádúró" yóò da àwọn ọmọ láàmú, nítorí 1 ti ní "Dúró ná" tirẹ̀, èyí tí gbogbo wa fara mọ́. Ẹni tí 8 bá kàn kò rí káàdì jù, a fò ó ni. Ó tó ká wí pé "Mo fò ẹ́", tàbí "Mo fò yín" bó bá jẹ́ àgbà. "Mú méjì" fún 2 àti "Mú mẹ́ta" fún 5 dára bí wọ́n ṣe wà.

Àgbélébùú, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó sì lọ́wọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì jọ wà nínú ìdílé wa, mi ò fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni máa fi í ṣeré káàkiri orí ẹní. "Oríta" bá àmì yẹn mu, ó sì kúrú lẹ́nu.

Ti 20 ńkọ́? Ẹni tó ní i lọ́wọ́ kò ṣe aláìní, àṣẹ ló ń pa: àmì tó bá pè ni ẹni tó kàn gbọ́dọ̀ jù. "Mo fẹ́ ìràwọ̀!" ló yẹ ẹnu rẹ̀. (Ẹni tó pe ìràwọ̀ mọ ohun tó ń ṣe: méje péré ni wọ́n nínú káàdì 54, ìlọ́po méjì la sì ń ka iye wọn lọ́wọ́ ẹni tí eré bá parí mọ́ lórí.) Fún ìparí, "Ó ku kan!", lẹ́yìn náà "Ó tán!" Ọ̀ta (ẹni tó borí) àti òpè (ẹni tí wọ́n borí) tí ẹ̀gbọ́n yá látinú ayò dùn mọ́ mi nínú gan-an, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká yọ wọ́n.

Ó ku ibì kan. Nínú àwọn ilé kan, tí wọ́n bá ju 2 sí ọ, o lè fi 2 tìrẹ lé e, kí ìyà náà bọ́ sórí ẹni tó tẹ̀ lé ọ. "Dá a padà" kò bá a mu, torí kì í padà sẹ́yìn. Mo ti ń rò ó bóyá "Mo tì í síwájú" yóò ṣe é. Ẹ̀yin tó wà ní Òmù-Àrán àti Ọ̀ffà, kí lẹ máa ń sọ nílé yín?